Nígbà Tí Ọjọ́ Orí Àgbà Bá Di Òdo: Irú Dátà Láàárín Àkójọ Dátà àti R

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè ni kì í ka kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ gidi lójú wa ni kí a lọ sí abúlé, kí a gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀, kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú àmì ohùn. Ìyókù, a óò kàn tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Àtẹ tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, a óò gé e, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú mémoire, ó parí. Ṣùgbọ́n láàárín ìwé tí a fi ọwọ́ kọ àti àtẹ yẹn, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún lè di ẹni òdo ọdún, obìnrin lè di "irọ́", èèyàn méjì sì lè di ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kì í ké nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ké, ìkìlọ̀ kékeré kan ni yóò kọ sísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà.

Ohun tó ń fà á ni èyí tí a ń pè ní irú dátà. Nǹkan tí ẹ tẹ̀, ṣé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ kà á sí ni, àbí ọ̀rọ̀, àbí ọjọ́, àbí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́? Èèyàn mọ̀ ọ́n láìronú. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ó ń tẹ̀lé òfin ni, òfin tí ibi ìkójọ dátà ń lò kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí R ń lò.

Gouka ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Savalou lọ sí Bantè rí á ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan ni nínú àwọn arrondissement mẹ́sàn-án tó wà ní commune Bantè, ní ẹkùn Collines. Èdè Ica ni èdè agbègbè Bantè, ó sì wà lára àwọn èdè tó bá Yorùbá tan, tí Capo dábàá ní 1989 pé kí a máa pè ní Ede. Nínú àmì oní-lẹ́tà mẹ́ta tí gbogbo ayé ń lò, Ica ni ica, Idaca ni idd, Cabe ni cbj, Ifè ni ife, Yorùbá sì ni yor. SIL ti ṣe ìwádìí lórí àwọn èdè wọ̀nyí ní Benin àti Togo. Ìbéèrè tó wà nídìí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò kéré rárá: ṣé ìwé tí a kọ ní Yorùbá tàbí ní Ifè tó fún àwọn tó ń sọ Ica láti fi kọ́ ìwé kíkà, àbí ó yẹ kí wọ́n ní ìwé tiwọn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí máa ń wá láti inú àtẹ: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́ Yorùbá, àwọn àgbà ńkọ́, àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́, obìnrin ńkọ́? Bí àtẹ bá purọ́, ọmọ ilé ìwé kan ní Gouka ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará Gouka lẹ́nu wò. Èmi ni mo hun àwọn nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ yìí, kì í ṣe ìwádìí tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń hùwà sí wọn, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí lo SQLite, ó sì gbọ́n bẹ́ẹ̀: fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo àkójọ dátà, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé gbé sórí clé USB wá sí Calavi. Nítorí pé Faransé la fi kọ́ wa níwèé, Faransé ló fi ṣètò àtẹ rẹ̀:

CREATE TABLE locuteurs (
  code caractere,
  sexe caractere,
  age entier,
  tel string,
  date_enq date
);

SQLite gbà á láìjanpata. Èèyàn á rò pé ó ti yé e pé caractere túmọ̀ sí ọ̀rọ̀, pé entier túmọ̀ sí nọ́ńbà tí kò ní ìdá. Kò yé e o. Ohun tí SQLite ń ṣe ni pé ó ń wo lẹ́tà inú orúkọ tí ẹ fún irú náà. Bó bá rí INT nínú rẹ̀, ó di nọ́ńbà odidi. Bó bá rí CHAR, CLOB tàbí TEXT, ó di ọ̀rọ̀. Bó bá rí REAL, FLOA tàbí DOUB, ó di nọ́ńbà oní-ìdá. BLOB ni ti ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ó sọ òpó náà di NUMERIC, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó bá ti jọ nọ́ńbà ni yóò yí padà sí nọ́ńbà. Ẹ wá wo caractere dáadáa: kò sí CHAR nínú rẹ̀. Entier kò ní INT. Kódà string, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, kò bá ọ̀kankan mu. Nítorí náà, òpó márààrún tó wà nínú àtẹ yìí, NUMERIC ni gbogbo wọn. (Ó tún wà nínú ìwé SQLite fúnra rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ FLOATING POINT yóò gba nọ́ńbà odidi, nítorí INT tó fara pamọ́ sí ìparí POINT. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á.)

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ wo òpó code. Olùwádìí sábà máa ń fún olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì, kí orúkọ rẹ̀ má baà hàn. Ká ní E dúró fún enquêté: 07E1 ni ẹni kìíní ní agboolé keje, 07E2 ni ẹni kejì níbẹ̀. Lójú tiwa, àmì lásán ni. Lójú ẹ̀rọ, 07E1 jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń gbà kọ nọ́ńbà: 7 lọ́nà 10. Ó di 70. 07E2 di 7 lọ́nà 100, ìyẹn 700. Ẹni kìíní ní agboolé àádọ́rin, 70E1, òun náà di 700. Ẹ rí i báyìí pé èèyàn méjì láti agboolé méjì ti di ẹnì kan. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì so àtẹ yìí pọ̀ mọ́ àtẹ ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ yóò bọ́ sí ẹnu bàbá kan ní agboolé mìíràn. Kò sí àṣẹ R tó lè tú 700 padà sí èyí tó jẹ́ gan-an. Inú ìwé tí a fi ọwọ́ kọ nìkan ni òótọ́ ṣẹ́kù sí.

Òpó tel náà ń jìyà. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ní Benin ti kúrò ní 8 tó di 10, a fi 01 sí iwájú gbogbo wọn. Lórí òpó NUMERIC, òdo iwájú yẹn á bọ́ dànù, nítorí nọ́ńbà kò mọ òdo iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ pe olùsọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láti bi í léèrè ohùn ọ̀rọ̀ kan á rí nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí kò wọlé síbì kankan. Nọ́ńbà tẹlifóònù kì í ṣe nọ́ńbà o, orúkọ tí a fi nọ́ńbà kọ ni. Ohun tí ẹ kò bá ní fi rò, tí ẹ kò ní ṣe ìṣirò rẹ̀ láé, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ pè é: TEXT. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ó rọrùn láti tún ti àtijọ́ ṣe nínú R, fún àwọn tí a kọ sílẹ̀ kí ìyípadà tó dé:

tel <- ifelse(nchar(tel) == 8, paste0("01", tel), tel)

Ọjọ́ orí ló gba àlàyé jù. Ní abúlé wa, kì í ṣe gbogbo àgbà ló mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Ìwé àṣẹ ìjọba pàápàá máa ń kọ "né vers", ó sì tán. Akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè lọ́wọ́ àgbà márùn-ún. Mẹ́rin dá a lóhùn: 62, 71, 58, 66. Ìyá karùn-ún ní òun kò mọ̀, òun ti dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ "àgbà" sínú òpó age, SQLite sì gbà á, nítorí pé òpó NUMERIC kì í kọ ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló kàn ń yí padà bó bá rí i. Ó wá ní kí àkójọ dátà ṣírò ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba:

SELECT AVG(age) FROM locuteurs;

Ìdáhùn ni 51.4. Àwọn mẹ́rin tó mọ ọjọ́ orí wọn, 257 ni àpapọ̀ wọn. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, 64.25 ni. Ibo ni 51.4 ti wá? AVG ka "àgbà" sí 0, ó sì pín 257 sí márùn-ún. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn, bóyá ẹni tí èdè rẹ̀ ṣe pàtàkì jù fún ìwádìí, òun ló fa ìpíndọ́gba wálẹ̀ bí ọmọ tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fi ibẹ̀ ṣófo ni, tó fi NULL síbẹ̀, AVG ì bá fò ó, 64.25 ni ì bá jáde.

Àwọn kan á ní, ó dáa, èmi kì í fi SQL ṣe ìṣirò, inú R ni mo ti ń ṣe é. Ó ku díẹ̀. Nígbà tí àfikún RSQLite bá ń kó èsì ìbéèrè wọ R, ó gbọ́dọ̀ pinnu irú òpó kọ̀ọ̀kan, nítorí nínú R, òpó kan kò lè ní ju irú kan lọ. SQLite ní tirẹ̀ gbà kí nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ jọ máa gbé inú òpó kan. Báwo ni RSQLite ṣe ń pinnu? Ohun àkọ́kọ́ tó bá rí nínú òpó náà tí kì í ṣe òfìfo ló ń wò. Bí ó bá rí 62 lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ńbà odidi ni gbogbo òpó, "àgbà" tó bá dé lẹ́yìn á sì di 0. Ìkìlọ̀ tí ẹ ó rí ni pé òpó náà ní irú tó dàpọ̀, mixed type. Bí "àgbà" bá ló wá síwájú, ọ̀rọ̀ ni gbogbo òpó, 62 á di "62", mean() á sì fún yín ní NA.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ fi ORDER BY age sí ìparí ìbéèrè yín, SQLite á to nọ́ńbà síwájú ọ̀rọ̀, òpó á jẹ́ nọ́ńbà. Ẹ fi ORDER BY age DESC síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á ṣíwájú, òpó kan náà á di ọ̀rọ̀. Dátà kò yí padà, ètò tí ẹ fi tò ó ló yí padà, irú rẹ̀ sì yí padà pẹ̀lú. Lójú tèmi, kò sí ohun tó yẹ kó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa wo irú dátà ju èyí lọ.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá òpó kan ti dàpọ̀ kò le. SQLite fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi:

SELECT typeof(age), COUNT(*) FROM locuteurs GROUP BY typeof(age);

Bí ẹ bá rí ju ìlà kan lọ nínú ìdáhùn (integer 4, text 1, fún àpẹẹrẹ tiwa), ẹ dúró ná. Ẹ má ṣe sá lọ fi CAST tún un ṣe, nítorí CAST('àgbà' AS INTEGER) náà 0 ni, CAST('né vers 1948' AS INTEGER) 0 ni, àmọ́ CAST('70 environ' AS INTEGER) jẹ́ 70, nítorí pé nọ́ńbà ló ṣáájú. Ohun tó dára ni kí òpó jẹ́ méjì: age fún nọ́ńbà tàbí òfìfo, age_dit fún ohun tí olùsọ̀rọ̀ sọ gan-an. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò ní sọnù, ìṣirò kò sì ní bàjẹ́.

Mo ní obìnrin lè di "irọ́". Báyìí ni. Ọ̀pọ̀ wa kì í tẹ dátà tààrà sínú SQLite. Inú Excel la ti ń tẹ̀ ẹ́, a ó sọ ọ́ di fáìlì CSV, a ó fi read.csv kà á sínú R, a ó wá fi dbWriteTable kó o sínú àkójọ dátà. Nínú òpó sexe, a ń kọ F àti M. Bí M bá wà níbẹ̀, ẹyọ kan péré, kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ ni R kà á sí. Ṣùgbọ́n ká ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Gouka. F nìkan ló kún òpó náà. Fún R, F jẹ́ ìkékúrú FALSE. Gbogbo obìnrin inú àtẹ á di FALSE. Nígbà tí dbWriteTable bá kó o wọ SQLite, FALSE á di 0, nítorí SQLite kò ní irú bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ẹ bá tún béèrè rẹ̀, 0 lẹ ó rí, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Ohun tó mú kí èyí léwu ni pé àṣẹ kan náà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí dátà Savalou, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin wà, á bàjẹ́ lórí ti Gouka, kò sì sí ohun tí ẹ yí padà nínú àṣẹ yín. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ná, kí ẹ fúnra yín wá sọ èyí tó jẹ́ nọ́ńbà:

d <- read.csv("gouka.csv", colClasses = "character")
d$age <- as.integer(d$age)

as.integer kò dà bí SQLite. "Àgbà" lọ́wọ́ rẹ̀ á di NA, pẹ̀lú ìkìlọ̀. NA ni ìdáhùn òtítọ́: a kò mọ̀ ọ́n. Àṣẹ yìí náà ló gba àmì 07E1 là, nítorí read.csv, bí a bá fi í sílẹ̀, yóò sọ ọ́ di 70 kó tó dé SQLite rárá. Bí fáìlì yín bá wá láti Excel tó ń lo èdè Faransé, àmì ìdá á jẹ́ kọ́mà, semicolon ló máa pààlà sáàárín òpó, read.csv2 ni kí ẹ lò. "12,5" tí a bá fún as.numeric bẹ́ẹ̀, NA ló ń dà.

Ọjọ́ tún ní tirẹ̀. SQLite kò ní irú ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2024, ọjọ́ ọdún iṣu ní Savalou. Bí ẹ bá kó o wọ SQLite láti R gẹ́gẹ́ bí Date, 19950 lẹ ó bá níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà dé. Kì í ṣe ọdún kankan, iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970 ni. Àṣẹ as.Date(19950, origin = "1970-01-01") á dá a padà. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ lọ́nà tiwa, "15/08/2024", tí ẹ fún as.Date láìsọ bí a ṣe kọ ọ́, R á rò pé ọdún ló ṣáájú, á sì dá yín lóhùn pé "0015-08-20", ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ẹ kọ format = "%d/%m/%Y" mọ́ ọn. Nínú àkójọ dátà, ẹ máa kọ ọjọ́ bí ọ̀rọ̀, ọdún síwájú, oṣù, ọjọ́: 2024-08-15. Bí ẹ bá tò ó bí ọ̀rọ̀, ó tò bí ọjọ́.

Mo fẹ́ kí a dé orí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí òun ni àwọn tó ń pinnu èdè ìwé kíkà máa ń wò. Ká ní 24 la bi léèrè ní Gouka, 19 ní àwọn gbọ́ Yorùbá orí rédíò. Ẹ kọ SELECT 19/24*100, SQLite á ní 0. Nọ́ńbà odidi pín sí nọ́ńbà odidi, ó ń ju ìdá nù, 0 lọ́nà 100 sì jẹ́ 0. Ẹ kọ 100*19/24, á ní 79. Ẹ kọ 100.0*19/24, á wá sọ òtítọ́: 79.1666 àti bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú R, 19/24 kò ní wàhálà yìí rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí SQL máa kà nìkan, kí R máa pín. Ẹni tó ń lo PostgreSQL kí ó ṣọ́ra níbi kíkà náà: COUNT(*) rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ńlá tí RPostgres ń gbé wọlé bí integer64, irú tí R fúnra rẹ̀ kò ní. Ẹ fi ifelse kàn án, 24 lè di 1.185758e-322. Bí ẹ bá ti ń so mọ́ àkójọ dátà, ẹ sọ bigint = "integer", ẹ sì ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, bí a ṣe ń mú èsì rẹwà fún ojú. Ìlànà tí mo máa fi gbé e ni pé àṣẹ tó ń mú nǹkan rẹwà, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ gbogbo nǹkan dà. format, formatC, sprintf, paste: ohun tó bá gba ọwọ́ wọn kọjá kì í ṣe nọ́ńbà mọ́. Bí ẹ bá tò ó, "10" á ṣáájú "9". NA á di "NA", lẹ́tà méjì, is.na kò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ ṣe é lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, lẹ́yìn títò, nínú àtẹ mìíràn tí a fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́:

aff <- res
aff$pct <- sub(".", ",", sprintf("%.1f", res$pct), fixed = TRUE)
aff$age <- ifelse(is.na(res$age), "–", format(res$age))

79.1666 di "79,2", gẹ́gẹ́ bí olùdarí mémoire ṣe fẹ́ rí i. Ṣé ẹ rí i pé inú res ni mo ti bi is.na, kì í ṣe inú aff? Fún nọ́ńbà ńlá, ẹ fi big.mark = " " àti scientific = FALSE sí format. Ìkànìyàn 2013 ka èèyàn 107 181 ní commune Bantè. Bí ẹ bá fi round pè é ní ọ̀kẹ́ márùn-ún gééré, tí ẹ sì fi paste kọ ọ́ sínú gbólóhùn, "1e+05" ni R á tẹ̀ jáde. Kò sí ará Bantè kankan tó máa dá ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀.

Ti àmì ohùn kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún ojú, ọ́ tó ní àmì sísàlẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Fún ẹ̀rọ, ó kéré tán méjì ni, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó sinmi lé pátákó ìtẹ̀wé tí ẹ lò. Kò sí àmì kan ṣoṣo fún un nínú Unicode. Ìdí nìyẹn tí sprintf("%-8s") fi ń tẹ àwọn òpó wíwọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ní àmì ohùn, tí format kì í sì í wọ́: ti àkọ́kọ́ ń ka àmì, ti èkejì ń wo àyè tí ọ̀rọ̀ gbà lójú. Èyí tó burú ju wíwọ́ lọ ni pé "ọmọ" tí a tẹ̀ ní ọ̀nà méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì fún GROUP BY. Àṣẹ stri_trans_nfc inú àfikún stringi á sọ wọ́n di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹnì kan bá kọ ọ́ ní ọ̀nà Nàìjíríà, ọmọ, tí ẹlòmíràn kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà èdè orílẹ̀-èdè Benin, ɔmɔ. Ìyẹn, ẹ fẹnu kò lórí ọ̀kan kí ẹ tó kúrò ní Calavi.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, SQLite ti ní ọ̀rọ̀ kan láti ọdún 2021, láti ẹ̀dà 3.37: STRICT. Ẹ fi í sí ìparí àtẹ, kò ní gba caractere tàbí entier mọ́, á ní òun kò mọ irú bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ kó "àgbà" sínú òpó INTEGER, á kọ̀ jálẹ̀, kì í ṣe ìkìlọ̀ lásán.

CREATE TABLE locuteurs (
  code TEXT PRIMARY KEY,
  sexe TEXT,
  age INTEGER,
  age_dit TEXT,
  tel TEXT,
  date_enq TEXT
) STRICT;

PRIMARY KEY tí mo fi sára code, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí èèyàn méjì bá fẹ́ di 700 kan náà, ẹ̀rọ á dúró níbẹ̀. Ẹni tó ti ní àkójọ dátà àtijọ́ lọ́wọ́ lè ṣe àtẹ tuntun báyìí, kó fi INSERT kó ti àtijọ́ wọ inú rẹ̀. Ibi tí ó bá ti kọ̀, ibẹ̀ ni kó ṣí ìwé tó fi ọwọ́ kọ sí. Àmọ́ code tó ti di nọ́ńbà tẹ́lẹ̀, bíi 70, á wọlé bí "70" láìsí wàhálà. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹ fi ojú wá wọn: code tí kò ní E nínú.

SELECT code FROM locuteurs WHERE code NOT LIKE '%E%';